Agbára ìjà mọ́ńkì nínú Dungeons & Dragons: èwo ló ń ṣáájú, èwo ló ń dí èwo lọ́wọ́

Nínú eré orí tábìlì yìí, tí mọ́ńkì, irú akọni tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jà, bá ti dé ìpele 5, ìwé tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí á ti kún débi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á rò pé gbogbo agbára tó wà níbẹ̀ ló ṣeé lò pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni gbogbo wọn ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́: Bonus Action, ohun kékeré tẹ́ ẹ lè fi kún Action (ohun pàtàkì tẹ́ ẹ ṣe), tó jẹ́ ẹyọ kan nígbà tó bá kàn yín, Reaction, ìfèsì sí ohun tí ẹlòmíì ṣe, tó jẹ́ ẹyọ kan títí á fi tún kàn yín, àti ki, agbára inú tí mọ́ńkì ń ná bí owó, tí kì í pọ̀ rárá. Bí mọ́ńkì bá ń ṣe bí ẹni tí kò lágbára lórí tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ pé ẹni tó ń lò ó ti to agbára méjì sójú kan tàbí kó ti lo èyí tó yẹ kó ṣáájú kẹ́yìn.

Òfin ọdún 2014 la fi ṣe ìpìlẹ̀ níbí. Òfin tuntun ti ọdún 2024 yí nǹkan púpọ̀ padà, ó sì ní ibi tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi olùdarí eré yín èyí tí tábìlì yín ń lò, torí orúkọ agbára kan náà lè máa ṣe iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú mọ́ńkì ìpele 5 kan tí Dexterity (ìyára ara) rẹ̀ jẹ́ 18, ìyẹn +4, tí Wisdom (òye) rẹ̀ sì jẹ́ 16, ìyẹn +3. AC rẹ̀, nọ́ńbà tí ìkọlù ọ̀tá gbọ́dọ̀ bá tàbí kó kọjá kó tó wọlé, jẹ́ 10 + 4 + 3, ìyẹn 17. Ó ń fi +7 kọlu ọ̀tá, ìyẹn ni pé ó ń fi 7 kún dáìsì olójú 20 tó bá jù. DC tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ bá tàbí kó kọjá nínú saving throw (save), dáìsì tó máa jù láti yẹ agbára yín, jẹ́ 8 + 3 + 3, ìyẹn 14. Ki rẹ̀ jẹ́ 5. Ó lè rin ẹsẹ̀ bàtà 40. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ d6 (dáìsì olójú mẹ́fà) + 4, tó ń mú ìpalára 7.5 wá ní ìpíndọ́gba. Ọ̀pá tó bá fi ọwọ́ méjèèjì dì mú jẹ́ d8 + 4, ìyẹn 8.5. Nítorí náà, ọ̀pá ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìkọlù méjèèjì inú Action yín, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀ṣẹ́ ṣe ti Bonus Action, torí ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni òfin gbà níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kò sì túmọ̀ sí ìkúùkù nìkan: ìtapá, ìgbúnwọ́ àti orúnkún náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò pọn dandan kẹ́ ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀.

Nọ́ńbà yìí máa ń bàjẹ́ níbi mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá gbé apata tàbí tẹ́ ẹ wọ ìhámọ́ra, Martial Arts, AC pàtàkì yín àti eré sísá yín lọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Idán Mage Armor kò lè ròpọ̀ mọ́ AC mọ́ńkì: ọ̀nà méjì láti ṣírò AC ni wọ́n, ọ̀kan lẹ lè mú. Bracers of Defense, ẹ̀gbà ọwọ́ onídán kan, ní tiẹ̀ ń fi 2 kún un, torí ẹni tí kò wọ ìhámọ́ra tí kò sì gbé apata ló wà fún. Ọ̀pá onídán tó ní +1 ń ran ọ̀pá nìkan lọ́wọ́. +1 yẹn kì í dé orí ẹ̀ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín agbára yín sí ìsọ̀rí ohun tó ń jẹ

Ìkọlù ọ̀fẹ́ Martial Arts, Flurry of Blows (ẹ̀ṣẹ́ méjì), Patient Defense (Dodge, ìyẹn yíyẹra fún ìkọlù) àti Step of the Wind (Disengage, ìyẹn kíkúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá láìjẹ́ kó rí yín lù, tàbí Dash, ìyẹn sísáré), Bonus Action ni gbogbo wọn ń jẹ. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa rí lò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó bá kàn yín. Ẹni tó bá tún lọ kó idà kúkúrú méjì dání láti fi èkejì kọlu ọ̀tá, tàbí tó gba agbára àfikún (feat) tó ń jẹ́ Polearm Master nítorí ọ̀pá, ó kàn ń fi èèyàn kún àwọn tó ti ń tò sẹ́nu ilẹ̀kùn tó fún ni.

Deflect Missiles (dídá ọfà dúró), Slow Fall (dídín ìpalára ìṣubú kù) àti opportunity attack (lílu ẹni tó ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín) ń jẹ Reaction. Bẹ́ ẹ bá ti fi tiyín lu ẹni tó ń sá lọ, ọfà tó bá dé lẹ́yìn náà á wọlé.

Stunning Strike, tó ń kọ́ ọ̀tá lóòyì, ló dá yàtọ̀. Kò jẹ Bonus Action, kò jẹ Reaction, ki kan péré ló ń gbà nígbà tí ìkọlù yín bá ti wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi ń bá gbogbo agbára tó kù ṣiṣẹ́, òun náà sì ni mo máa fi ṣe àárín gbùngbùn ètò ìjà mọ́ńkì èyíkéyìí tó bá ti dé ìpele 5.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà gan-an nígbà tí ẹ bá lo Flurry of Blows

Flurry ń fún yín ní ẹ̀ṣẹ́ méjì fún ki kan. Ṣùgbọ́n Martial Arts ti ń fún yín ní ẹ̀ṣẹ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló wá jẹ́ èrè ki yẹn. Lára ogre, irú òmìrán kan, tí AC rẹ̀ jẹ́ 11, mọ́ńkì wa á lu ìgbà 85 nínú 100, èyí tó túmọ̀ sí pé ki kan ra ìpalára bíi 6.5. Lára ọ̀tá tí AC rẹ̀ jẹ́ 17, ó wálẹ̀ sí bíi 4. Kò burú, àmọ́ kò tó ohun tí èèyàn ń fi ki márùn-ún tó ní ṣe ní gbogbo ìyípo.

Ohun tó ń mú Flurry lówó lórí ni pé ó ń fún yín ní àǹfààní kan sí i láti lu ọ̀tá kẹ́ ẹ sì dán Stunning Strike wò, àti pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn agbára Open Hand, ọ̀kan lára ọ̀nà tí mọ́ńkì lè yàn. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tẹ́ ẹ fẹ́ lò, ẹ lo ẹ̀ṣẹ́ ọ̀fẹ́, kẹ́ ẹ tọ́jú ki yín.

Òfin 2014 sọ pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lo Attack nínú Action yín, lójú ẹsẹ̀, ni Flurry ń wáyé. Ẹ kò lè fi ṣáájú. Ẹ kò sì lè lò ó tó bá jẹ́ pé Dash tàbí idán lẹ fi Action yín ṣe.

Ìgbésẹ̀ 4: Stunning Strike, ẹ̀ṣẹ́ tó ń kọ́ ọ̀tá lóòyì

Nígbà tí ìkọlù tó súnmọ́ ara bá wọlé, yálà ti ọ̀pá tàbí ti ẹ̀ṣẹ́, ẹ lè ná ki kan. Ọ̀tá á jù Constitution (okun ara) save. Bó bá kùnà, òòyì á kọ́ ọ títí ìgbà míì tó bá kàn yín á fi parí. Kò ní lè ṣe Action, kò ní lè ṣe Reaction, kò ní lè rìn. Ẹnikẹ́ni tó bá kọlù ú á ní Advantage, ìyẹn ni pé á ju dáìsì méjì kó sì mú èyí tó ga. Bó bá ní láti jù Strength tàbí Dexterity save, ó ti kùnà ná. Idán tó ń fi concentration (ìfọkànsí) gbé ró á já. Bó bá ń fò, á já bọ́, àfi tó bá jẹ́ irú èyí tó lè dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́ tàbí tí idán ló gbé e dúró.

Ẹ dán an wò lórí ìkọlù àkọ́kọ́ tó bá wọlé. Bó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo ìkọlù tó kù nígbà yẹn ti ní Advantage. Lára ọ̀tá tí AC rẹ̀ jẹ́ 17, àǹfààní yín láti lù ú á fò láti 55 sí bíi 80 nínú 100. Bẹ́ ẹ bá dúró dìgbà ẹ̀ṣẹ́ tó kẹ́yìn, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín á ṣì jẹ èrè rẹ̀, àmọ́ ẹ ti pàdánù tiyín ti ìgbà yẹn. Bó bá sì ti ṣiṣẹ́, ẹ dáwọ́ ki dúró. Òòyì méjì kò sàn ju ẹyọ kan lọ.

Ta ló yẹ kẹ́ ẹ dán an wò lára rẹ̀? Ogre ní Constitution +3, nítorí náà ó máa ń kùnà DC 14 ní ìgbà 50 nínú 100. Mage, ìyẹn onídán, inú ìwé àwọn ẹ̀dá ní +0, á sì kùnà ní ìgbà 65 nínú 100. Ẹni tó lókun jù lójú ogun kì í sábà jẹ́ ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ ná ki lé lórí. Ẹni tí ń pidán lẹ́yìn, tó ń fi concentration di àwọn ẹlẹgbẹ́ yín mú, ni kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 40 yín lọ bá.

Ẹ wo bí ki ṣe ń lọ lára ogre yẹn. Ìgbìyànjú kan jẹ́ 50 nínú 100. Méjì á gbé e dé 75, mẹ́ta á gbé e dé bíi 87, mẹ́rin á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 94. Ṣùgbọ́n mẹ́rin túmọ̀ sí ki mẹ́rin pẹ̀lú ki kan fún Flurry, ó di márùn-ún, ilẹ̀ ti mọ́. Fún mọ́ńkì ìpele 5, ìgbìyànjú méjì lórí ọ̀tá kan nígbà kan tó. Bí méjèèjì bá kùnà, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀fẹ́ parí rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí ni pé òòyì náà bo ìgbà míì tó bá kàn yín mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìgbà yẹn gan-an ni Flurry ń sanwó jù, torí láti ìkọlù kìíní dé ìkẹrin, gbogbo rẹ̀ ló ní Advantage. Bẹ́ ẹ bá ti kọ́ ọ̀tá lóòyì pẹ̀lú ìkọlù kejì yín, ó sàn kẹ́ ẹ lo ẹ̀ṣẹ́ ọ̀fẹ́ nísinsìnyí kẹ́ ẹ sì tọ́jú ki Flurry di ìgbà náà.

Àwọn ọ̀tá ńláńlá kan ní Legendary Resistance, tó ń jẹ́ kí wọ́n sọ ìkùnà di àṣeyọrí, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Stunning Strike tí wọ́n fi ọ̀kan dà nù kì í ṣe òfò tí onídán kan bá wà nínú ẹgbẹ́ yín tí idán ńlá rẹ̀ ń dúró de kí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn tán. Ẹ bá a sọ ọ́ ṣáájú kí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ ṣe é. Bí òòyì bá sì wà lára ohun tí kì í mú ẹ̀dá kan rárá, ki yín á kàn jóná. Ìkọlù kan tó já sásán ti tó láti mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Open Hand, àti ìdí tí ètò fi le níbẹ̀

Ní ìpele 3, mọ́ńkì tó bá yan ọ̀nà Open Hand lè fi ohun kan kún ẹ̀ṣẹ́ Flurry kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé: kó dá ọ̀tá lulẹ̀ (Dexterity save), kó tì í lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 15 (Strength save), tàbí kó gba Reaction lọ́wọ́ rẹ̀ títí ìgbà míì tó bá kàn yín á fi parí. Ẹ̀kẹta kò ní save kankan. Ẹ ti lù ú, ó ti gbà.

Ẹ̀kẹta yẹn ló ń yanjú ìṣòro Bonus Action. Mọ́ńkì tó fẹ́ lu ọ̀tá kó sì kúrò láìjìyà opportunity attack gbọ́dọ̀ ná Step of the Wind, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní rí ẹ̀ṣẹ́ Bonus Action lò. Ti Open Hand rí báyìí: Attack lẹ́ẹ̀mejì, Flurry, ẹ̀ṣẹ́ kan wọlé, ó gba Reaction, ó sì rìn lọ. Ki kan náà ni, pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ méjì lórí.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ọ̀tá lulẹ̀ kẹ́ ẹ sì tún tì í, ẹ dá a lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ kìíní, kẹ́ ẹ tì í pẹ̀lú èkejì. Bó bá jẹ́ pé títì ló ṣáájú, ọ̀tá ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà 15 sí yín, ẹ̀ṣẹ́ kejì kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Ẹni tí wọ́n tì kì í fa opportunity attack, torí náà ẹ má retí pé jagunjagun yín á rí i lù bó ṣe ń kọjá.

Ọ̀tá tí òòyì ti kọ́ ń kùnà Dexterity àti Strength save láìju dáìsì. Stunning Strike kó ṣáájú, Flurry kó tẹ̀lé e, ó ti dùbúlẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó kàn lẹ́yìn yín. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ń fún ẹni tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 ní Advantage, ó sì ń fún tafàtafà tó wà lókèèrè ní Disadvantage, ìyẹn ni pé á ju dáìsì méjì kó sì mú èyí tó kéré. Òòyì ti ń fún tafàtafà yẹn ní Advantage tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún dá ọ̀tá lulẹ̀, méjèèjì á pa ara wọn rẹ́. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gba èrè lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yín. Bí tafàtafà ló kàn, ẹ gba Reaction ọ̀tá tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lórí ìdúró.

Ìgbésẹ̀ 6: Dídáàbò bo ara àti kíkúrò

Patient Defense ń ná ki kan, ó ń fún ẹni tó bá kọlù yín ní Disadvantage, ó sì ń gba ẹ̀ṣẹ́ ọ̀fẹ́ yín lọ pẹ̀lú. Ogre kan ń fi +6 kọlù yín fún ìpalára 13. Lára AC 17, ó ń wọlé ní ìdajì ìgbà, Patient Defense á sì gé e sí ìdá mẹ́rin. Ohun tẹ́ ẹ rí gbà níbẹ̀ kò pé ìpalára 4, nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ tó 6.5. Níwájú ogre kan, àdánù ni. Níwájú mẹ́ta, ẹ ti yẹ ìpalára bíi 11, ó ti lérè. Òdiwọ̀n tí mo máa ń dì mú ni èyí: ìkọlù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń bọ̀ wá bá yín nìkan, ẹ lò ó, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ jà. Bí ọ̀tá bá sì ti dì yín mú tí ẹ kò lè rìn rárá, Dodge ti kú, ẹ má náwó lé e.

Kẹ́ ẹ tó ná ki lórí Step of the Wind, ẹ mọ bí ọ̀tá ṣe ń sáré tó. Ogre náà ń rin ẹsẹ̀ bàtà 40. Bẹ́ ẹ bá yọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ sì lo gbogbo 40 yín, á rìn bá yín á sì gbé kùmọ̀ rẹ̀ sọ̀ yín lórí. Lára ẹ̀dá tó ń rin 30, ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ní feat tó ń jẹ́ Mobile kò nílò rẹ̀ púpọ̀: ọ̀tá tó bá ti gbìyànjú láti lù, bó wọlé bí kò wọlé, kò lè fi opportunity attack lù ú mọ́ nígbà yẹn, Bonus Action rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Deflect Missiles ń dín ìpalára ọfà kù pẹ̀lú d10 + 4 + 5, ìpíndọ́gba 14.5. Ọfà lásán kì í sábà kọjá ìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jù ú padà, ki kan ni, ọwọ́ kan sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ lè yọ ọwọ́ kan lára ọ̀pá. Ìkọlù ohun ìjà nìkan ló ń mú. Iná tí onídán jù kì í ṣe ọfà.

Bí tábìlì yín bá ń lo òfin 2024

Ki ti di Focus Point. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀fẹ́ Bonus Action kò dúró de Attack mọ́, Flurry náà kò sì dúró dè é. Èyí yí ètò Open Hand po: ẹ lè lo Flurry ṣáájú, kẹ́ ẹ dá ọ̀tá lulẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi Advantage ṣe ìkọlù méjì tó wà nínú Action. Disengage àti Dash ti di ọ̀fẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Bonus Action. Focus Point lẹ fi ń fi Dodge kún ti àkọ́kọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi Disengage kún ti èkejì. Deflect Attacks ń mú ìkọlù tó súnmọ́ ara náà, bó bá ti ń gún, tó ń gé, tàbí tó ń fọ́.

Stunning Strike ti di ẹ̀ẹ̀kan péré nígbà tó bá kàn yín, òòyì náà sì ń parí bí ìgbà míì tó kàn yín bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kò dé inú rẹ̀ mọ́. Bí ọ̀tá bá yege, ìrìn rẹ̀ á di ìdajì, ìkọlù kan tó tẹ̀lé e lára rẹ̀ á sì ní Advantage. Ìkọlù àkọ́kọ́ tó bá wọlé ṣì ni mo fara mọ́, kí ìkọlù yín tó tẹ̀lé e lè jẹ èrè náà.

Ìyípadà tó ń rú àwọn tó mọ òfin àtijọ́ lójú ni pé, nínú òfin 2024, ọ̀tá tí òòyì kọ́ ṣì lè rìn. Kò lè kọlu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò láàárín yín. Mọ́ńkì tuntun ní oògùn rẹ̀, torí gbogbo ẹ̀ṣẹ́ ló lè di Grapple, ìyẹn dídi ọ̀tá mú, báyìí, Dexterity lẹ sì lè fi ṣírò DC rẹ̀. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ kọlu ọ̀tá pẹ̀lú ìkọlù àkọ́kọ́ inú Action. Bó bá wọlé, ẹ ná Focus Point kan fún Stunning Strike.
2. Bí òòyì bá kọ́ ọ, ẹ sọ ìkọlù kejì di Grapple. Strength tàbí Dexterity save ló máa jù, ó sì ti kùnà méjèèjì ná. Ọwọ́ yín kan gbọ́dọ̀ ṣófo, ọ̀tá náà kò sì gbọ́dọ̀ fi ju ìwọ̀n kan lọ tóbi jù yín. Ogre wà nínú ìwọ̀n yẹn fún èèyàn.
3. Ẹ lo Flurry pẹ̀lú Advantage. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé, ẹ fi dá a lulẹ̀. Kò lè dìde, torí ẹni tí wọ́n dì mú kò ní ìrìn tó máa fi dìde.

Ẹ má ṣe fi Grapple ṣáájú. Grapple kì í ṣe ìkọlù tó wọlé, nítorí náà kò lè gbé Stunning Strike dìde, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé agbára Open Hand dìde bí ẹ bá ti inú Flurry ṣe é. Bí òòyì kò bá sì kọ́ ọ̀tá, ẹ gbàgbé Grapple, kẹ́ ẹ fi Advantage tó kù lù ú.

Focus Point méjì ni gbogbo ètò yìí ná. Láti ìpele 2, Uncanny Metabolism ń dá gbogbo Focus Point padà nígbà tẹ́ ẹ bá ń ju initiative (dáìsì tó ń pinnu ẹni tó máa ṣáájú nínú ìjà), ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìsinmi gígùn méjì, ó sì ń wo ọgbẹ́ díẹ̀ sàn. Ẹ má lò ó nínú ìjà àkọ́kọ́ tí àpò yín ṣì kún. Ìjà tí ẹ fi Focus Point kan tàbí òfo wọ̀, tí àyè ìsinmi kúkúrú kò sì sí ṣáájú rẹ̀, ni kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ dè.